Gift: Ẹ̀bùn Níbí, Májèlé Lọ́hùn-ún

Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn tó pè mí wá ní kí n mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú oríṣiríṣi èdè Yúróòpù, kí n tú u palẹ̀ fún yín: bí wọ́n ṣe ń pè é àti ohun tó túmọ̀ sí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ mú tíì, mo tún ro ti ṣúgà, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ti di ohun tí gbogbo ayé ń sọ. Èyí tí mo wá mú wá kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ. Gift ni.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan bẹ̀rẹ̀, tó ń gbé ní Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì. Lọ́dún tó kọ́kọ́ débẹ̀, àárò oúnjẹ ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ni ìyá rẹ̀ bá di èlùbọ́ sínú ọ̀rá, ó di ẹ̀gúsí lílọ̀ àti ata gígún, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, ó fi tépù wé e yípo. Ẹnì kan ló gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ ọ́ sára páálí pé ẹ̀bùn ni, kí àwọn aṣọ́bodè má baà gbówó lórí ẹrù náà bí ọjà. Ìyá mú máákà dúdú, ó kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: GIFT. Ojú páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọ ọ́ sí, ó tún fàlà sí i nídìí.

Lọ́jọ́ tí ẹrù dé, ọmọ wa wà níbi iṣẹ́. Lọ́hùn-ún, bí ẹlẹ́rù ò bá sí nílé, aládùúgbò ni wọ́n sábà máa ń kó o fún, màmá àgbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé ló sì gbà á. Igun páálí kan ti ya lọ́nà, èlùbọ́ ń dà jáde díẹ̀díẹ̀. Màmá yẹn ò rí irú ìyẹ̀fun aláwọ̀ eérú bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo ìyẹ̀fun, ó wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ìgbà tí ọmọ wa fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, màmá ti gbé ẹrù jáde sórí kọnkéré, ó ti wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó dúró lókèèrè bí ẹni tó ń ṣọ́ ejò.

“Ta ló fi èyí ránṣẹ́ sí ọ?”

“Ìyá mi ni.”

Màmá ò lè sọ nǹkan kan mọ́.

Ní èdè Jámánì, májèlé ni Gift. Ẹ máa rí i lára agolo pẹ̀lú àwòrán agbárí òkú. Rattengift ni májèlé eku. Ejò tó ní oró, Giftschlange ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn níbẹ̀, Geschenk ni yóò sọ, a ó sì padà débẹ̀ nítorí ìtàn Geschenk náà dùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dì mú ni pé kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ méjì ṣèèṣì jọra. Ọkọ̀ àti ọkọ́ jọra lójú ẹni tí kò mọ àmì ohùn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Gift ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì ní tiwọn, ìyá kan ló bí wọn. Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Dọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń sọ ní Nẹ́dálándì, èdè Swídìn, ti Nọ́wè, ti Dẹ́nmáàkì àti ti Áísílándì, ẹbí kan ni gbogbo wọn. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ sọ pé “fún”, give ló ń wí. Jámánì ní geben, Dọ́ọ̀ṣì ní geven. Àwa máa ń fi nǹkan síwájú ọ̀rọ̀ ìṣe kó tó di orúkọ: bùn di ẹ̀bùn, fẹ́ di ìfẹ́. Ẹ̀yìn ni àwọn ti ń so tiwọn mọ́ ọn, t sì ni wọ́n so mọ́ èyí. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ drive di drift, tó sọ thrive di thrift, bẹ́ẹ̀ náà ni give ṣe di gift. Nítorí náà, “ohun tí a fún ni” ni gift níbi tó ti ṣẹ̀ wá, nínú gbogbo èdè wọ̀nyẹn, títí kan Jámánì.

Báwo ni “ohun tí a fún ni” ṣe wá di ohun tó ń pani?

Àwọn oníṣègùn Gíríìkì ló dá a sílẹ̀. Ìwọ̀n oògùn tí wọ́n bá bù fún aláìsàn, dósis ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju “fífún” lọ. Àwọn tó ń fi èdè Látìnì kọ̀wé ìṣègùn gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì tàn ká gbogbo Yúróòpù. Faransé ń sọ pé dose, Sípéènì ń sọ pé dosis, Rọ́ṣíà ń sọ pé doza. Àwa náà tí a ń sọ pé dókítà fún wa ní dóòsì méjì, ọ̀rọ̀ Gíríìkì ló wà lẹ́nu wa. Ní Gíríìsì fúnra rẹ̀ lónìí, ẹni tó ra mọ́tò tó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, dósi ló tún ń pe owó tó ń san lóṣooṣù. Kódà ohun tí wọ́n ń lò láti pa oró májèlé, antidote, “èyí tí a fún ni láti fi dojú kọ ọ́” ni.

Nígbà tí dósis dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tiwọn: gift, fífún. Ìwọ̀n oògùn ló kọ́kọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n fún ẹnì kan tí kò jí mọ́ ńkọ́? Ta ló máa la ẹnu pe orúkọ rẹ̀? Wọ́n kàn ń sọ pé wọ́n “fún un”.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ ò tíì mọ ibi tí mò ń lọ ni? Ọkùnrin kan lọ síbi ìnáwó, ó jẹ, ó mu, ó délé, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti dákẹ́. Àwọn àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kò dárúkọ májèlé. Ẹnì kan mi orí, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ.” Kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé kí ni nǹkan ọ̀hún, gbogbo wọn ti gbọ́. Ohun tí Jámánì fi gift ṣe gan-an nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwa ní májèlé nílé tí a lè padà sí nígbà tí a bá fẹ́ là á mọ́lẹ̀, àwọn fi ọ̀rọ̀ tútù náà ṣe orúkọ títí ó fi gbóná. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe Ṣànpọ̀nná ní Olóde, tí a ń pe ejò ní okùn tílẹ̀ bá ti ṣú. Tó bá pẹ́ tí gbogbo èèyàn ti ń fi okùn pe ejò, ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ kékeré yóò máa sá fún okùn.

Ọ̀yọ́ àtijọ́ tiẹ̀ ṣe é ju ẹnu lọ. Bí ọ̀rọ̀ Aláàfin bá ti sú àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, igbá ni wọ́n máa gbé fún un, ó lè ṣófo, ó lè jẹ́ pé ẹyin odídẹ ló wà nínú rẹ̀. Ọba kì í bèèrè àlàyé. Wọ́n fún un ní nǹkan, ó sì mọ̀ pé òun ò ní dúró di ìgbà kan mọ́.

Oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Paracelsus, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Switzerland, kọ gbólóhùn kan lọ́dún 1538 tí àwọn tó ń kọ́ nípa májèlé ò tíì gbàgbé. Ó ní gbogbo nǹkan ni Gift, kò sóhun tí kì í ṣe Gift, àti pé Dosis nìkan ló ń sọ bóyá nǹkan máa pani tàbí kò ní pani. Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ Jámánì tó túmọ̀ sí “fífún” wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí “fífún” náà wà níbẹ̀, bàbá àti ọmọ nínú gbólóhùn kan, wọn ò sì mọ ara wọn mọ́.

Ìtumọ̀ àtijọ́ ò kúkú kú tán ní Jámánì. Ó fara pamọ́ sínú Mitgift. Mit ni “pẹ̀lú”. Ohun tí òbí ìyàwó kó fún ọmọ wọn pé kó mú lọ sílé ọkọ ni Mitgift: aṣọ, owó, ilẹ̀ nígbà mìíràn. Èdè Jámánì a máa pín ọ̀rọ̀ orúkọ sí akọ, abo àti èyí tí kò sí lápá kan. Abo ni Mitgift, die Mitgift, bí gift tó jẹ́ ẹ̀bùn ṣe jẹ́ abo láyé àtijọ́. Májèlé ni kò sí lápá kan, das Gift. Mo fojú inú wo bàbá ìyàwó tó ń kó ẹrù fọ́mọ, tí ìyàwó ń kó “Gift” wọlé ọkọ. Àwọn ará Jámánì náà ti fi ṣàwàdà títí, ó ti sú wọn.

Ìgbéyàwó tí mo dárúkọ yẹn ló gbé wa dé Swídìn. Níbẹ̀, tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan bóyá ó ti lọ́kọ, yóò ní òun ti gift. Gifta sig ni “ṣe ìgbéyàwó”. Ibi tí ó ti wá kò ṣòro fún wa láti mọ̀: ọmọ tí a fà fọ́kọ, ọmọ tí a “fún” ni. Ṣùgbọ́n májèlé tún ń jẹ́ gift ní Swídìn. Bákan náà ló rí ní Nọ́wè, bákan náà ní Dẹ́nmáàkì. Lẹ́tà kan náà, pípè kan náà, ìgbéyàwó àti májèlé.

Mo mọ ohun tí Yorùbá máa béèrè: ṣé kò sí àmì ohùn tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni? Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni, nítorí èdè Swídìn ní ohùn òkè-sódò tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó tiwa. Anden tí wọ́n bá fi ohùn kan pè ni pẹ́pẹ́yẹ náà, tí wọ́n bá fi ohùn kejì pè é, ẹ̀mí náà ni. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn kì í yàtọ̀ lórí ọ̀rọ̀ oní-sílébù kan, sílébù kan ṣoṣo sì ni gift. Kò sí ohun tó gbà á sílẹ̀. Gbólóhùn ló ń fi í hàn: hon är gift, ó ti lọ́kọ, ett gift, májèlé kan. Ẹni tó bá ṣèèṣì fi ett sí ibi tí kò yẹ ti bu ìyàwó oníyàwó.

Níbi pípè rẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀. Àwa Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dúró pọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ wa tó ń parí sórí t. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà mi fi ń sọ pé gífíìtì. G rẹ̀ le dáadáa, bíi ti “gígùn”. G líle yẹn ni ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Jámánì àti ti Dẹ́nmáàkì. Ní Nẹ́dálándì, inú ọ̀fun ni wọ́n ti ń fà á jáde, bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì yìí ló gbọ́n jù nínú wọn o, nítorí wọ́n yọ t kúrò lára ọ̀kan: gif ni májèlé, gift ni ẹ̀bùn. Ìyẹn ò ní kó má ṣe yín bákan tí ìwé bá dé láti ilé ìjọsìn pé kí ẹ mú gift yín wá lọ́jọ́ Àìkú.

Ní Swídìn àti Nọ́wè, g kì í le tó bá ṣáájú i. Ó ń di y. Yift ni wọ́n ń pè é, tàbí yífíìtì lẹ́nu ìyá àgbà mi. Ìdí kan náà ló mú kí ìlú Göteborg ní Swídìn máa fi Yö bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti dùn mọ́ mi jù ni Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé sẹ́yìn, yift ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń pè é, kì í sì í ṣe ẹ̀bùn lásán. Owó orí ìyàwó ni, tàbí fífi ọmọ fọ́kọ. Ine, ọba Wessex ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jọba láti 688 sí 726, ṣe òfin kan tí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú rẹ̀: bí ọkùnrin kan bá ti sanwó lórí ìyàwó, tí gyft náà kò sì wáyé, kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà, kí wọ́n sì san iye kan náà lé e. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìdána tó dàrú ti pẹ́ láyé? Ìyá tó bá ti dá owó orí padà rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ òfin Ine fún un.

Kí ló wá sọ yift di gift? Àwọn ará àríwá, tó wá láti apá Nọ́wè, Swídìn àti Dẹ́nmáàkì, tí àwọn èèyàn ń pè ní Viking. Wọ́n kó ilé ìjọsìn Lindisfarne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 793, nígbà tó di 866 wọ́n ti gba ìlú York. Wọn ò kan jagun kí wọ́n lọ, wọ́n jókòó, wọ́n dáko, wọ́n fẹ́ ọmọ onílé. G líle ló wà lẹ́nu wọn nígbà yẹn, ẹ̀bùn sì ni gift tiwọn túmọ̀ sí. Díẹ̀díẹ̀ ni tiwọn borí ti onílé láti àríwá wá sí gúúsù. Give pàápàá, y ló fi ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kò borí lọ́jọ́ kan. William Caxton, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ìtàn kan lọ́dún 1490 nípa àwọn oníṣòwò tí ọkọ̀ ojú omi wọn dúró nítorí afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Wọ́n lọ wá oúnjẹ létí odò. Ọ̀kan nínú wọn ní kí obìnrin kan ta ẹyin fún òun, egges ló sọ. Obìnrin náà ní òun ò gbọ́ Faransé. Inú bí ọkùnrin náà, nítorí òun náà ò gbọ́ Faransé. Ẹlòmíràn ló wá bá wọn sọ ọ́ pé eyren, lobìnrin náà bá ní òun ti gbọ́. G ti àríwá àti y ti gúúsù ló ń jà lórí ẹyin adìẹ. Àríwá ló padà gba ẹyin, bó ṣe gba ẹ̀bùn.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí ayé ń gbà yí. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti ju y tirẹ̀ nù, tó gba g lẹ́nu àlejò, àwọn ọmọ àlejò tó wà ní Swídìn àti Nọ́wè ju g nù nílé, wọ́n mú y. Wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ láìpàdé.

Mo ṣèlérí Geschenk. Ẹ̀bùn ni lónìí, ṣùgbọ́n ara schenken ló ti yọ, “bu ohun mímu fún ènìyàn” sì ni schenken kọ́kọ́ jẹ́. Poison tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe májèlé ńkọ́? Ọwọ́ Faransé ló ti gbà á, Faransé sì mú un láti ara potio ti Látìnì: ohun mímu. Ẹ fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì mú “fífún” ṣe ẹ̀bùn, ó mú “mímu” ṣe májèlé. Jámánì mú “fífún” ṣe májèlé, ó mú “mímu” ṣe ẹ̀bùn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ìwé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí mo rí èyí, mo dìde lórí àga. Ó dà bíi pé ẹnì kan ló jókòó tó pín in fún wọn.

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ àti Kútọnu tí ẹ wà níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Faransé, poison ti wà lágbo yín tipẹ́. Poisson ni ẹja, pẹ̀lú s. Poison ni májèlé, pẹ̀lú z. Yorùbá ò ní z, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ sọ pé májèlé, ẹja ni yóò tẹnu rẹ̀ jáde. Ahọ́n wa ò lè bá ẹnikẹ́ni bèèrè májèlé nílé oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ fún ìyẹn.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí, ìyá kan tó jókòó níwájú nawọ́. Ó ní Gift lorúkọ ọmọ òun obìnrin, ọmọ náà sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ kàwé ní Jámánì, kí ni kó ṣe? Mo bi í pé ṣé ọmọ náà ní orúkọ Yorùbá. Ó ní Ẹ̀bùnolúwa ni. Mo ní kó máa jẹ́ Ẹ̀bùn níbẹ̀. Wọn ò ní lè pè é dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò ní sá fún un.

Ní ti páálí Hamburg, àlàyé gba wákàtí kan. Ọmọ wa po àmàlà díẹ̀ níṣojú màmá ìsàlẹ̀, ó jẹ ẹ́, kò kú. Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ di páálí mìíràn. Ọmọ pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún un lórí fóònù, ìyá sì kọ ọ́ gàdàgbà gadagba bíi ti àkọ́kọ́: GESCHENK. Màmá ìsàlẹ̀ náà ló tún gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbé e wọlé, ó gbé e sórí tábìlì rẹ̀. Ó ṣì wọ ìbọ̀wọ́ ṣáá.